Bí a ṣe ń mọ ìtumọ̀ àti pípè “gymnasium” nínú àwọn èdè Yúróòpù

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Jámánì lè gbọ́ lórí fóònù pé ọmọ ti wọ Gymnasium, kí ó sì máa rò pé ilé eré ìdárayá ni wọ́n mú ọmọ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sọ, èyí tí ọmọ náà yóò lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn èdè Yúróòpù, lẹ́tà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu tí wọ́n fi ń pè é. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà ni pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́kọ́ bá a pàdé, a wá ń gbé ìtumọ̀ àti ìró Gẹ̀ẹ́sì lọ bá àwọn èdè tí kò gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀rí, ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù tàbí túmọ̀ ìwé, àti ẹni tó kàn fẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa níwájú àwọn tó ni èdè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Èdè Gíríìkì àtijọ́ ló ni ín. Gymnós ni ìhòòhò. Gymnásion ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ pátápátá láti ja ìjàkadì, láti sáré àti láti fi ara ṣiṣẹ́. Ní Átẹ́ńsì, mẹ́ta ló lókìkí nínú irú ibi bẹ́ẹ̀: Akadḗmeia, Lýkeion àti Kynósarges. Nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pé sí lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ń wá bá wọn sí. Plato dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá Akadḗmeia ní nǹkan bí ọdún 387 ṣáájú ìbí Kristi, Aristotle sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Lýkeion ní nǹkan bí ọdún 335. Láti ilẹ̀ wá, nígbà náà, ojú ibi kan náà ni wọ́n ti ń tọ́ ara àti ọpọlọ. Èdè Látìnì gba ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ọ́ di gymnasium, àwọn tó sì gbà á lẹ́yìn Látìnì mú apá tó wù wọ́n. Àwọn kan mú ti ara, àwọn mìíràn mú ti ìwé.

Àwọn ará Jámánì mú ti ìwé. Ní ọdún 1538, Johannes Sturm dá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gymnasium sílẹ̀ ní ìlú Strasbourg, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wò ṣe. Ní ọdún 1812, ìjọba Prussia, ìyẹn ìjọba kan nínú àwọn ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, pàṣẹ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní ẹ̀tọ́ láti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí yunifásítì ni kí ó máa jẹ́ Gymnasium. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni à ń pe ilé-ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, wọlé tọ̀ wá. Kò sì sí ẹni tó ń rò pé gírámà nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo orílẹ̀-èdè tí ìwé náà ti wá, ẹ má wo èdè nìkan

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ń fò nìyí, òun sì ló ń bá iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí wọ́n bá kọ gymnase ní Paris, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni. Bí wọ́n bá kọ gymnase kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà kan náà, ní Lausanne, ilé-ẹ̀kọ́ ni, nítorí pé ní ẹkùn Vaud ní Switzerland, gymnase ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń parí ẹ̀kọ́ girama kó tó lọ sí yunifásítì. Faransé ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gimnasio ti èdè Sípéènì: ilé eré ìdárayá ni ní Madrid, ṣùgbọ́n ní Kòlóńbíà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ Gimnasio, bíi Gimnasio Moderno ti Bogotá, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè rárá, ẹ wá àdírẹ́sì, òǹtẹ̀ tàbí orúkọ ìlú tó wà lórí ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pinnu bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ni tàbí ilé eré, lẹ́yìn náà kí ẹ mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́

Àwọn tó mú apá ti ara kò pọ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ti ilẹ̀ Faransé, Sípéènì, àti Potogí, tó ń kọ ọ́ ní ginásio. Lọ́dọ̀ àwọn tó kù tí a óò sọ̀rọ̀ nípa wọn, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ kò parí síbẹ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn tó èyí tó lè mú kí wọ́n gbani síṣẹ́ tàbí kí wọ́n dáni padà.

Ní Jámánì, ọmọ tó bá ti lo ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ Gymnasium, ìyẹn ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní Berlin àti Brandenburg, ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ìdánwò tí wọ́n fi ń parí rẹ̀ ni Abitur, òun ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń lọ síbẹ̀. Irú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà fún àwọn tó kù. Ní Swídìn, ọ̀rọ̀ yìí fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń wọ gymnasium ti Swídìn, ọdún mẹ́ta ni yóò sì lò níbẹ̀, yálà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ kọ́ ni o, tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́, tàbí iṣẹ́ iná mànàmáná. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ iná kan láti Stockholm bá sọ pé òun parí gymnasium, òótọ́ ló ń sọ, kò sì túmọ̀ sí pé ó ka Látìnì. Ní Dẹ́ńmáàkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọdún mẹ́ta náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà yunifásítì ló jẹ́, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ń gba ibòmíràn.

Àwọn ará Nẹ́dálándì ló le jù nínú gbogbo wọn. Ọdún mẹ́fà ni gymnasium tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ Látìnì àti Gíríìkì níbẹ̀, èyí tí kò bá sì ní èdè àtijọ́ wọ̀nyí nínú, atheneum ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Èdè yìí kan náà ló ń pe ilé eré ìdárayá tí a ń sanwó wọ̀ ní sportschool. Ẹ ò rí i pé èyí tó ní school nínú kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ilé eré sì ni ilé-ẹ̀kọ́.

Ní Gíríìsì òde òní, gymnásio ni ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Lýkeio, tó gba orúkọ lọ́dọ̀ ibi tí Aristotle ti kọ́ni, ló tẹ̀lé e. Ilé eré tiwọn ń jẹ́ gymnastírio. Ní Họ́ńgárì, gimnázium lè jẹ́ ọdún mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ṣe gbà á.

Ẹni tó bá ń wá ilé eré ìdárayá ní Jámánì kò ní bá a lábẹ́ orúkọ yìí. Fitnessstudio ni ibi tí a ń sanwó wọ̀, Turnhalle sì ni gbọ̀ngàn eré ti ilé-ẹ̀kọ́, láti ara Turnen, orúkọ tí Friedrich Ludwig Jahn fún eré ìdárayá tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní pápá Hasenheide ní Berlin láti ọdún 1811.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ọdún tó wà lórí ìwé

Ìjọba a máa yí ètò ẹ̀kọ́ padà, ọ̀rọ̀ a sì máa dúró sẹ́yìn. Gimnazjum ti Pólàǹdì tí àwọn tó ti dàgbà báyìí lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ó sì kógbá sílé ní 2019. Ọdún mẹ́ta ni, liceum ló sì tẹ̀lé e, nítorí náà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni wọ yunifásítì. Ṣáájú ogun àgbáyé kejì, gimnazjum mìíràn ti wà níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n pa gimnaziya rẹ́ lẹ́yìn ìyípadà 1917, orúkọ náà sì padà wá nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń tú ká.

Ti Bràsíl kàn wá ju àwọn wọ̀nyí lọ, nítorí pé àwọn kan nínú wa ń bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní Bahia kọ̀wé, wọ́n sì ń ka ìwé àtijọ́ wọn. Láti ọdún 1942, ginásio ni ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀. Òfin ọdún 1971 da á pọ̀ mọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì parẹ́. Bí àgbàlagbà kan ní Salvador bá sọ pé òun ṣe ginásio, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń sọ; bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá sọ pé òun ń lọ sí ginásio, eré ló fẹ́ lọ ṣe tàbí tó fẹ́ lọ wò.

Ti Ítálì ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù. Ọdún kìíní nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní liceo classico, ọdún kẹrin ginnasio ni wọ́n ń pè é. Èrèdí rẹ̀ rèé: ìlànà ọdún 1923 fi ọdún márùn-ún sí ginnasio, ó fi mẹ́ta tẹ̀lé e fún liceo, ní 1940 wọ́n gé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò tún kíkà bẹ̀rẹ̀. Kẹrin àti ìkarùn-ún ló ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè wọ́n. Ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ́ pípè rẹ̀ láti ìró dé ìró

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara g. G ti Yorùbá kì í yí padà: bó ṣáájú a, bó ṣáájú i, ìró kan náà ni, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú gíga àti gàárì. Àwọn ará Jámánì, Dẹ́ńmáàkì, Pólàǹdì, Họ́ńgárì àti Ṣẹ́ẹ̀kì ń pe g ọ̀rọ̀ yìí bíi tiwa gan-an, nítorí náà ẹ̀bùn ni g wa jẹ́ fún wa níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ti wọ̀ wá lẹ́nu ló ń mú wa fi j pè é. J náà ni Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì ń lò, bíi ti inú jíjẹ. Ní Swídìn, g yìí di y, bíi ti inú yíyọ, Gíríìkì òde òní náà sì sún mọ́ ọn. Faransé àti Potogí ní ìró kan tí a kò ní: ẹ ṣe ẹnu bí ẹni fẹ́ pe ṣ inú ṣíṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀fun gbọ̀n sí i. Ní Sípéènì, ìró náà ń ti ẹ̀yìn ẹnu wá, ó ń ha díẹ̀. Ní Kúbà, h wa ló jẹ́, bíi ti inú híhó, láìsí àfikún. Ti Nẹ́dálándì tún ń ha ọ̀fun jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà.

Lẹ́yìn g ni fáwẹ̀lì. Níbi tí wọ́n bá ti kọ i, bíi Pólàǹdì, Ítálì àti Sípéènì, ẹ pe i. Faransé àti Ṣẹ́ẹ̀kì ń kọ y ṣùgbọ́n i náà ni wọ́n ń pè. Jámánì, Swídìn àti Dẹ́ńmáàkì ló ń fẹ́ kí a ṣe wàhálà díẹ̀. I wa jẹ́ fáwẹ̀lì pẹrẹsẹ, u wa jẹ́ fáwẹ̀lì roboto. Tiwọn wà láàárín méjèèjì. Ẹ pe i, ẹ dá ahọ́n dúró síbi tó wà, lẹ́yìn náà kí ẹ ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ pe u láìjẹ́ kí ahọ́n kúrò. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá pe i lásán, wọn yóò gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ̀ pé àlejò ni.

Lórí mn, ẹ ṣọ́ra. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, ẹnu wa a sì máa fi fáwẹ̀lì há wọn láàárín, tí yóò di “gimuna”. Ìwòsàn rẹ̀ wà nínú èdè wa: m tó dá dúró bíi sílébù, bí a ti ń pa ètè dé nínú òrom̀bó. Ẹ pa ètè dé, kí ẹ sì bọ́ tààrà sí na. Ohun kékeré mìíràn tó tún yẹ ní àkíyèsí ni pé a tó n bá ṣáájú nínú Yorùbá máa ń gba imú kọjá. Tiwọn kì í gba imú.

S tó tẹ̀lé e pín àwọn èdè sí méjì. Swídìn, Dẹ́ńmáàkì, Sípéènì àti Gíríìkì ń pe s, èyí tó rọrùn fún wa. Jámánì, Nẹ́dálándì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Ítálì àti Potogí ń kọ s ṣùgbọ́n z ni wọ́n ń pè, nígbà tí Pólàǹdì, Họ́ńgárì àti Ṣẹ́ẹ̀kì kúkú ń kọ z. Ẹni tí z kò bá yọ lẹ́nu rẹ̀ kí ó fi ìka méjì lé ọ̀fun, kí ó pe s gígùn, kí ó sì máa kùn títí ìka yóò fi mọ̀ pé ọ̀fun ń gbọ̀n.

Èyí tó kù ni sílébù tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn èdè yìí, na ni. Họ́ńgárì àti Ṣẹ́ẹ̀kì ń tẹ̀ mọ́ sílébù àkọ́kọ́ láìka bí ọ̀rọ̀ ti gùn tó. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ bí ohùn òkè, ó sì ṣeé fi bẹ̀rẹ̀: gìm-náà-zì-ùm. Àmọ́ ohùn òkè wa dúró lára ọ̀rọ̀, bí gbólóhùn ti wù kó rí. Tiwọn kò dúró bẹ́ẹ̀. Bí ará Jámánì bá ń béèrè ìbéèrè, ohùn rẹ̀ lè lọ sókè ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ na ni yóò gùn jù, òun ni yóò sì lágbára jù. Nítorí náà, gígùn àti agbára ni kí ẹ fi sí na. Ohùn yóò tẹ̀lé gbólóhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka àmì inú ìwé atúmọ̀ èdè bó ṣe yẹ

Ìwé atúmọ̀ èdè yóò kọ ti Jámánì báyìí: [ɡʏmˈnaːzi̯ʊm]. Ìlà kékeré tó wà lókè ń ṣáájú sílébù tí a óò tẹ̀ mọ́, kì í tẹ̀lé e. Àmì tó jọ kólọ́ọ̀nù lẹ́yìn a ń sọ pé kí a fa a náà gùn. ʏ ni fáwẹ̀lì tí a ká ètè pè. Àmì kékeré tó tẹ̀ bí ọrun tó wà lábẹ́ i ń sọ pé i náà kì í ṣe sílébù lọ́tọ̀; ẹ yára kọjá lórí rẹ̀ bíi y.

Ẹni tó bá ń lo Duden, tí í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì tó lókìkí jù, yóò rí ohun tó lè tan ọmọ Yorùbá jẹ pátápátá. Duden a máa fi àmì kékeré sábẹ́ fáwẹ̀lì tí a ń tẹ̀ mọ́ tó bá kúrú, a sì máa fi ìlà sábẹ́ èyí tó bá gùn. Àmì yìí jọ ti ẹ àti ọ wa, ṣùgbọ́n kò yí ìró fáwẹ̀lì padà rárá. Nínú Gymnasium, ìlà ni ẹ óò rí lábẹ́ a. Ẹ tún lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onílé lórí ìkànnì Forvo, níbi tí wọ́n ti ń kọ orílẹ̀-èdè ẹni tó sọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn rẹ̀. Ẹ yan orílẹ̀-èdè tí ìwé yín ti wá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín

Bí ẹ bá ń túmọ̀ ìwé ẹ̀rí, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní èdè rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì orí lẹ́tà, kí ẹ sì fi àlàyé Yorùbá, orílẹ̀-èdè, ọdún àti orúkọ ìdánwò ìparí tẹ̀lé e. Fún ti Jámánì, ẹ lè kọ pé: “Gymnasium, ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ń múni lọ sí yunifásítì ní Jámánì, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìdánwò Abitur parí ní ọdún 2016.” Fún ti Pólàǹdì: “gimnazjum, ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ọlọ́dún mẹ́ta ní Pólàǹdì, ọdún 2008 sí 2011.” Fún ti Swídìn, ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́ kún un, nítorí pé láìsí ìyẹn, ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀ bóyá sáyẹ́ǹsì ni tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Bó bá sì jẹ́ ilé eré ìdárayá ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, ẹ kọ ilé eré ìdárayá, tàbí jíìmù bí ìwé náà bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.